Ọmọ ajá Labrador fún ilé ọlọ́mọ: ọwọ́ ta ni ká ti rà á?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi tó wà nílùú ọba. Àwọn ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ajá Labrador ni wọ́n ń fẹ́, a sì ti gbà fún wọn. Iṣẹ́ òru ni bàbá wọn ń ṣe, ọ̀sán ló ń sùn. Táyé ní ikọ́ fée díẹ̀. Èèyàn méjì la ti bá sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń ta tirẹ̀ ní £650, ó ní ká pàdé òun létí títì márosẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹnì kejì ní £1,300, ó ní ká dúró di oṣù méje, ìbéèrè rẹ̀ sì pọ̀ bíi pé ọmọ èèyàn la fẹ́ gbà tọ́. Èwo ni ká mú, kí sì ni ká bi í?
Ìyá Ìbejì, Birmingham

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ fi ẹni £650 yẹn sílẹ̀. Ní England, láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2020, òfin ti lé alágbàtà kúrò nídìí òwò ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó sin ìyá rẹ̀ lẹ ti máa rà á, níbi tí wọ́n bí i sí, kí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń pe èèyàn sí etí títì ò fẹ́ kí ẹ rí ilé rẹ̀.

Ẹ má bínú sí ẹnì kejì. Ó yẹ kó mọ̀ bóyá ẹ ní ọgbà, wákàtí mélòó ni ajá máa dá wà, ta ló máa mú un rìn lójò. Òun ló ń wo ìwà àwọn ọmọ ajá lójoojúmọ́, òun ló sì mọ èyí tó máa bá ilé yín mu.

Kí ẹ tó bi òun náà léèrè, ẹ to ohun tó ká yín lára tẹ̀ léra. Lójú tèmi, ikọ́ fée Táyé ló ṣáájú. Ohun tó ń dà á láàmú kì í ṣe irun nìkan, ó wà nínú itọ́ ajá àti nínú èépá ara rẹ̀, kò sì sí irú ajá tí kò ní in. Àwọn tó ń ta àdàlù Poodle, ajá onírun wíwé, máa ń sọ pé tiwọn yàtọ̀. Ẹ má gbà. Ẹ bá dókítà Táyé sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kó lọ jókòó ti àwọn àgbà ajá olùsìn náà fún wákàtí kan, ìgbà mẹ́ta ó kéré tán, pẹ̀lú ínhélà rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Oorun bàbá wọn ló tẹ̀ lé e. Ìdílé Labrador méjì ló wà. Àwọn tí wọ́n ń sìn fún ọdẹ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n lè sáré láti àárọ̀ dalẹ́, bí wọn ò bá sì ríṣẹ́ ṣe, ẹsẹ̀ àga ni wọ́n máa jẹ. Àwọn tí wọ́n ń sìn fún ìfihàn, ìyẹn ìdíje ẹwà ajá, sanra díẹ̀, ara wọn sì sábà máa ń balẹ̀ jù. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí bàbá àti ìyá ọmọ ajá náà ń ṣe. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, tó bá dàgbà, ìrìn rẹ̀ lóòjọ́ á ju wákàtí méjì lọ.

Ìwé àyẹ̀wò wá kù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tan èèyàn jù. Bí wọ́n bá sọ pé “dókítà ẹran ti yẹ̀ ẹ́ wò” tàbí pé “ó wà nínú ìwé Kennel Club”, ìyẹn ò tíì sọ nǹkan kan nípa oríkèé rẹ̀. Ìwé Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ajá sílẹ̀ nílùú ọba, ń sọ ẹni tó bí ajá ni. Ohun tí ẹ fẹ́ ni èsì àyẹ̀wò òbí méjèèjì. Ti ìbàdí, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún àti òsì, ń gba máàkì láti 0 sí 53. Bó bá ṣe kéré tó ló dáa tó. Ẹ béèrè ti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí 5 àti 5 sàn ju 0 àti 10 lọ. Ti ìgbúnwọ́, 0 ni kí ẹ gbà. Ti ojú, ẹ wo déètì, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò DNA, tó ń wá àrùn àjogúnbá: prcd-PRA tó ń fọ́ ojú ajá, àti EIC tó ń mú un ṣubú lẹ́nu eré. Wọ́n á kọ Clear (kò gbé àrùn náà), Carrier (ó gbé e, àmọ́ kò ṣe é) tàbí Affected (àrùn náà wà lára rẹ̀). Carrier kì í ṣe àìsàn, àmọ́ bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ Carrier, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní ọ̀kan nínú mẹ́rin láti ní àrùn náà.

Ẹ má ra méjì nítorí pé ìbejì ni wọ́n. Ọmọ ìyá kan náà tí wọ́n jọ dàgbà máa ń fara mọ́ ara wọn ju èèyàn lọ, títọ́ wọn sì di iṣẹ́ méjì. Olùsìn tó bá yára gbà láti ta méjì fún yín, ẹ ṣọ́ ọ.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ wo ìyá. Ọmú rẹ̀ á ti wálẹ̀, àwọn ọmọ á máa wá a kiri. Bí wọn ò bá sún mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ìyá wọn. Ẹ fọwọ́ kan ikùn ọmọ ajá: èyí tó le tó sì wú bí igbá, aràn ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Kí ìdí rẹ̀ gbẹ, kí ojú rẹ̀ má ṣepin. Kó máa gbé níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ẹsẹ̀ èèyàn wà, torí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ló ń mọ ohun tí kò yẹ kó bẹ̀rù.

Kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, microchip, ẹ̀rọ kékeré abẹ́ awọ tó ń sọ ẹni tó ni ajá, sì gbọ́dọ̀ ti wà lára rẹ̀ ní orúkọ olùsìn. Kí ó wà nínú àdéhùn pé bí ẹ ò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ olùsìn ló máa padà sí.

Lálẹ́ òní, ẹ gba orúkọ ìwé bàbá àti ìyá lọ́wọ́ ẹni £1,300 náà, kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò lórí ìkànnì Kennel Club, ọ̀fẹ́ ni. Bí èsì bá bá ohun tó sọ mu, ẹ dá ọjọ́ tí Táyé máa kọ́kọ́ lọ.
Ìyá Àdùkẹ́, Leeds