Níbo ni ọmọ mi ti lè kọ́ iṣẹ́ fíìmù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú wa. Àbújá ni a ń gbé. Ọmọbìnrin mi fẹ́ kọ́ṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n. Ṣé dandan ni kó lọ sí Èkó? Ìyá Bọ́lá.

Ìdáhùn: Kò pọn dandan rárá, Ìyá Bọ́lá, nítorí pé ìlú Jos ni ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, wà, ibẹ̀ náà sì ni NTA ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo rọ̀ yín kí ó má fojú sí kámẹ́rà nìkan, kí ó kọ́ bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ dáadáa, torí òǹwòran lè fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ, kíá ni yóò pa fíìmù náà. Kí ó tó wọlé, kí ó máa fi fóònù ya eré kéékèèké.