Èsì: Pápá disc golf tí igbó ti bò ní ìpínlẹ̀ Maryland, Amẹ́ríkà

Ẹ béèrè bóyá ẹ ṣì lè ṣe disc golf (eré jíju díìsì pẹlẹbẹ sínú agbọ̀n ẹlẹ́wọ̀n) ní pápá tí igbó ti bò. Ẹ lè ṣeré níbẹ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n, bí pátákó àmì tilẹ̀ ti wó tán tí koríko sì dé orókùn bí ẹ ṣe sọ. Ẹ ṣáà fi díìsì tó ń fò jìnnà sílẹ̀ nílé. Putter (díìsì fún jíjù nítòsí) àti midrange (èyí tí kì í lọ jìnnà jù) ni kí ẹ mú, aláwọ̀ ọsàn tàbí pínǹkì. Díìsì aláwọ̀ ewé á di àwátì níbẹ̀.

Ìyẹn bí agbọ̀n àti ẹ̀wọ̀n rẹ̀ bá ṣì wà lórí òpó. Bí wọ́n bá ti yọ wọ́n, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn aláṣẹ páàkì.

Ní ti ibi ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ ò rí, àti díìsì tó lè sọnù:

1. Ẹ wo UDisc, áàpù àwọn eléré disc golf, bóyá àwòrán ilẹ̀ pápá náà wà níbẹ̀.
2. Bí kò bá sí, ẹ rìn padà láti ìdí agbọ̀n, kí ẹ máa wá kọnkéré tàbí rọ́bà lábẹ́ koríko.
3. Kí ẹnì kan dúró níwájú, kó máa ṣọ́ ibi tí díìsì balẹ̀. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ìṣẹ́jú 3 péré ni òfin PDGA (ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin disc golf) fún yín láti wá díìsì tó sọnù, kì í sì í tó nínú igbó.

Ẹ jọ̀ọ́, nítorí àwọn ọmọ tí ẹ fẹ́ mú dání: ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀. Eégbọn ibẹ̀ ń gbé àrùn Lyme kiri, ẹ yẹ ara wọn wò kí wọ́n tó wọ mọ́tò. Ẹ má fọwọ́ kan poison ivy, ewéko eléwé mẹ́ta tó ń mú ara yún, kódà bí díìsì yín bá há sínú rẹ̀.