Ìrànlọ́wọ́ Tí Kì Í Dójú Tini: Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn

Nínú ìtẹ̀jáde tó kọjá, a ní kí ẹ̀yin òǹkàwé wa kọ̀wé sí wa lórí bí ará àdúgbò ṣe lè ran aládùúgbò tí nǹkan kò rọgbọ fún lọ́wọ́. Lẹ́tà tó wọlé ju àyè wa lọ. Mẹ́rin la dáhùn lónìí, a sì ti yọ orúkọ àti ibùgbé àwọn tó kọ wọ́n kúrò.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kékeré kan tí àwa ará àdúgbò dá sílẹ̀ láti máa ran àwọn tí ara ń ni nínú wa lọ́wọ́. Ní ìparí oṣù, a máa ń di ẹrù sínú àpò, a ó pe orúkọ, àwọn tí a bá pè yóò jáde wá gbà á, a ó sì ya fọ́tò wọn kí àwọn tó dáwó lè rí ibi tí owó wọn wọlé sí. Láìpẹ́ yìí a ṣàkíyèsí pé àwọn tí gbogbo wa mọ̀ pé wọn kò ní kì í yọjú mọ́, àwọn tí ọwọ́ wọn ń tó ẹnu ló sì ń tètè dé. Alága wa ní ìgbéraga ló ń bá àwọn tí kò wá jà. Kí ni ẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí alága yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé ìgbéraga kọ́. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín, nítorí náà kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta lè yàn láti sùn láìjẹun dípò kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ sókè lójú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, kí ó gbá àpò mọ́ àyà, kí wọ́n sì tún ní kó rẹ́rìn-ín fún ayàwòrán. Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn fọ́tò tí ẹ ti yà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ènìyàn méjì tó di àpò kan ṣoṣo mú: ẹni tó ń fúnni, tó kọjú sí ayàwòrán dáadáa, àti ẹni tó ń gbà, tó ń wolẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọmọ ẹni tó wolẹ̀ yẹn lè ti bá fọ́tò ìyá rẹ̀ pàdé lórí fóònù ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Àwọn ìjọba kan ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ìtìjú ṣe irinṣẹ́ rí. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún òfin ìrànlọ́wọ́ àwọn aláìní ṣe ní ọdún 1834, ìpinnu tí wọ́n kọ́ òfin náà lé lórí ni pé kí ayé ẹni tó ń gba ìrànlọ́wọ́ nira ju ayé òṣìṣẹ́ tó tòṣì jù lọ, kí ó má baà wu ẹnikẹ́ni láti wá. Wọ́n kó àwọn aláìní sí ilé àgbà-wọ̀ tí wọ́n ti ní láti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó jẹun (Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní workhouse), wọ́n ya ọkọ kúrò lọ́dọ̀ aya àti òbí kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, wọ́n sì wọ aṣọ kan náà fún gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n rí, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn yàn láti jìyà nínú yàrá wọn ju kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ilé náà wọlé lọ. A mọ̀ pé ẹ̀yin kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Síbẹ̀, ibi kan náà ni ìpè orúkọ àti fọ́tò yín ń gbé àwọn ènìyàn lọ.

Ní ọ̀rúndún kejìlá, Maimonides, ọ̀mọ̀wé àti oníṣègùn ọmọ Júù, to ìtọrẹ àánú sí ìpele mẹ́jọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó fi ẹni tó ń fúnni pẹ̀lú ìkanra sí. Ìpele kejì láti òkè ni èyí tí olùfúnni kò ti mọ ẹni tó gbà á, tí ẹni tó gbà á náà kò sì mọ ẹni tó fún un, irú èyí tó ń gba inú àpótí ìlú kọjá, bí àwọn tó ń bójú tó àpótí náà bá ṣeé fọkàn tán. Èyí tó wà lókè téńté ni kí a yá ènìyàn lówó, kí a bá a da òwò pọ̀, tàbí kí a wá iṣẹ́ fún un, kó má baà nílò ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. A ó padà sórí ìyẹn nínú lẹ́tà kẹta. Ìpele kejì ni ó bá ọ̀ràn tiyín mu.

Àwọn tó dáwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí owó wọn wọlé sí, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kì í ṣe ìwé owó. Ẹ kọ iye tó wọlé, iye tó jáde, iye ìdílé tó jẹ àǹfààní rẹ̀ àti irú ohun tí wọ́n gbà, kí ẹ so rìsíìtì àwọn ọjà mọ́ ọn, kí ẹni méjì tí kì í ṣe akápò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni kan ṣoṣo, tàbí ẹni méjì tí ẹnu wọn kò fẹ́lẹ́, ni kí ó mú ìwé orúkọ lọ́wọ́. Iye nìkan ni kí àwọn yòókù máa rí. Dípò ọjọ́ kan tí gbogbo ènìyàn yóò tò sí, ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí olúkúlùkù wá nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àpò tí ó bá sì ní orúkọ ẹgbẹ́ yín gàdàgbà lára yẹ kó kúrò ńlẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé ẹrù lọ bá ènìyàn nílé, bí àwọn ọ̀dọ́ tí Frédéric Ozanam kó jọ ní Paris ní ọdún 1833 ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul sílẹ̀. Ìyẹn náà dára, àfi tí gbogbo àdúgbò bá ti mọ ẹsẹ̀ àwọn tí ẹ rán, torí nígbà náà ìbẹ̀wò yín kò yàtọ̀ sí ìpè orúkọ.

Ní ti àwọn tó ń wá gbà á láìnílò, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn gba oorun lójú yín. Ìbéèrè àti ẹ̀rí tí ẹ bá kó jọ láti fi lé ẹni méjì irú wọn ni yóò lé ẹni mẹ́wàá tó nílò rẹ̀ gan-an, nítorí pé ẹni tó nílò rẹ̀ gan-an ni ìbéèrè máa ń dun jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹgbẹ́ obìnrin wa fẹ́ fún ìdílé mélòó kan ní owó kí wọ́n fi ra ohun tí wọ́n bá fẹ́. Ìdajì wa ní ọtí ni àwọn ọkọ yóò fi mu, pé kí a ra nǹkan fún wọn. Èwo ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìbẹ̀rù yín kì í ṣe tuntun, wọ́n sì ti ṣe ìwádìí lé e lórí. Ní ọdún 2014, olùwádìí méjì ní Báńkì Àgbáyé, David Evans àti Anna Popova, kó àbájáde ìwádìí jọ láti Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé fífún àwọn tálákà lówó kò mú kí owó tí wọ́n ń ná lórí ọtí àti sìgá pọ̀ sí i. Ní ibòmíràn, ńṣe ni ó dín kù. Ẹni tí owó kò tó ni ó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ọ ná. Ẹni tó ní tó sì ṣẹ́ kù ni kì í kà á.

Ohun tí owó fi ju ẹrù lọ ni pé ó ń jẹ́ kí ẹni náà yàn fúnra rẹ̀. Ìdílé kan lè ní oúnjẹ nílé kí ó jẹ́ pé oògùn tàbí owó ilé ni kò sí, àpò ẹrù tí ẹ bá sì gbé wá kò ní san owó ilé. Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí ẹrù sàn jù: nígbà tí ọjà kò sí ní àrọ́wọ́tó, nígbà tí ẹni náà fúnra rẹ̀ bá ní ẹrù ni òun fẹ́, tàbí nígbà tí ẹnì kan nínú ilé bá ń gba owó mọ́ ìyàwó lọ́wọ́. Nítorí èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ bá ìyàwó sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ má ṣe fi ọkọ ṣe agbẹnusọ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Opó kan wà ní àdúgbò wa tí a ti ń ràn lọ́wọ́ tipẹ́. A wá rò ó pé kí a ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un tàbí kí a yá a lówó, kó lè máa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Èwo ni yóò yá jù?

ÌDÁHÙN: Ǹjẹ́ obìnrin náà sọ fún yín pé iṣẹ́ aṣọ rírán wu òun? Lẹ́tà yín kò sọ ọ́, a kì í sì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fi ta ènìyàn lọ́rẹ láìbéèrè pọ̀ lábẹ́ ibùsùn, tí wọ́n fi aṣọ bò, tí abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé e wá pẹ̀lú rẹ̀ ṣì wà nínú bébà. Ẹni tó ni ín kò sì lè tà á, nítorí ohun tí ẹ̀yin tí ẹ ràn án lọ́wọ́ yóò wí.

Ní ti yíyá lówó, ẹ lè ti gbọ́ nípa Muhammad Yunus, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ Bangladesh. Ní ọdún 1976, ní abúlé Jobra ní Bangladesh, ó yá ènìyàn 42 ní owó tí gbogbo rẹ̀ kò ju dọ́là 27 lọ kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn olówó èlé, iṣẹ́ yẹn di Grameen Bank ní ọdún 1983, òun àti báńkì náà sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2006. Iyì ńlá wà nínú kí a fọkàn tán ènìyàn pé yóò san án padà. Ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí mẹ́fà tí wọ́n gbé jáde pọ̀ ní 2015, láti Bosnia títí dé Morocco, fi hàn pé owó yíyá nìkan kì í sábà yọ ènìyàn nínú òṣì. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ láti mú òwò wọn gbòòrò, àwọn mìíràn kàn wọ gbèsè ni.

Ohun tó ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ètò tí àjọ BRAC bẹ̀rẹ̀ ní Bangladesh ní ọdún 2002 fún àwọn tó tòṣì jù lọ. Wọ́n máa ń fún ẹni náà ní ohun ìní tí yóò máa mú owó wá, kò sì ní san án padà. Wọ́n á fún un ní owó ìjẹun díẹ̀ fún ìgbà kan kó má baà ta ohun ìní náà jẹ, wọ́n á kọ́ ọ ní iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ọn, wọ́n á ràn án lọ́wọ́ láti máa fi owó pamọ́, ẹnì kan yóò sì máa bẹ̀ ẹ́ wò déédéé. Nígbà tí wọ́n dán irú ètò yìí wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Gánà àti Íńdíà wà lára wọn, láàárín ìdílé tó lé ní 10,000, ìdílé tó bọ́ sínú ètò náà ń jẹun dáadáa ju tẹ́lẹ̀, ohun ìní wọn sì pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lẹ́yìn ọdún kan tí ètò ti parí.

Owó àjọ náà kò sí lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe é bí agbára yín ṣe mọ. Ẹ bi opó náà léèrè iṣẹ́ tó ti ṣe rí àti èyí tó wù ú. Ẹ má sì dá ìrànlọ́wọ́ ìjẹun dúró ní ọjọ́ tí ẹ bá fún un ní ohun èlò iṣẹ́, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣì í gan-an nìyẹn: wọ́n á ní ó ti rí iṣẹ́, wọ́n á sì kó ọwọ́ wọn kúrò kí iṣẹ́ náà tó mú owó kankan wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì dúpẹ́. Nǹkan ti ń bọ̀ sípò fún mi báyìí. Àmọ́ kò sí ìpàdé tí alága kò ní fi mí ṣe àpẹẹrẹ, orúkọ mi ti di ìtàn. Mo sọ pé mo fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ìgbìmọ̀, wọ́n ní kí n ṣì lọ sinmi. Ṣé aláìmoore ni mí ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni, alága yín sì ti pẹ́ lórí ìlóṣòó. Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lákọ̀tun, kí ẹ sì wí fún wọn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ yín mọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀, ẹ̀yin lẹ jàre. Ní ọdún 1949, nítòsí Paris, wọ́n pe àlùfáà kan tí wọ́n ń pè ní Abbé Pierre sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan, Georges, tó ti ṣẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ tó sì ti gbìyànjú láti pa ara rẹ̀. Àlùfáà náà sọ fún un pé òun kò ní ohunkóhun tí òun lè fún un, ṣùgbọ́n òun ń kọ́ ilé fún àwọn tí kò rí ibi sùn, ṣé yóò wá ran òun lọ́wọ́? Georges lọ, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Emmaus ti bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, àwọn tó ń gbé inú ilé ẹgbẹ́ náà ń fi àkójọ àti àtúnṣe ohun èlò àlòkù gbọ́ bùkátà ara wọn, wọ́n sì ń fi èyí tó ṣẹ́ kù ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ mọ ohun tí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yín kò mọ̀: ọ̀rọ̀ tó ń dunni lẹ́nu ẹni tó ń pín nǹkan, ọjọ́ wo nínú oṣù ni nǹkan máa ń le jù, àwọn wo ló wà ní kọ̀rọ̀ tí kò ní wá béèrè láé. Ẹ kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá wọn. Bí wọ́n bá ṣì ní kò sí àyè, ẹ bi wọ́n léèrè pé ẹni mélòó nínú ìgbìmọ̀ náà ló ti gba ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ rí, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì.