Dandeson, Buraimoh, Durosimi: ṣé ẹnì kan ni àbí ẹni mẹ́ta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olówógbowó ní Èkó ni ilé bàbá wa wà. Nínú Bíbélì àtijọ́ tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ sí, "Dandeson" ni wọ́n pe bàbá tó bí bàbá àgbà wa. Rìsíìtì ilẹ̀ kan pè é ní "Buraimoh", "Durosimi" ló sì wà lára òkúta ibojì rẹ̀. Àwọn àgbà ilé ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀. Ibo ni irú orúkọ báwọ̀nyí ti ń wá, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ bóyá ẹnì kan náà ni? (Òǹkàwé kan, Sùúrùlérè)

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ ẹnì kan. Ẹ wo Herbert Macaulay: Ọláyínká Herbert Samuel Heelas Badmus Macaulay ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Àlùfáà CMS (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà) ló bí i, ọmọbìnrin Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni ìyá rẹ̀, síbẹ̀ Badmus, orúkọ mùsùlùmí, wà níbẹ̀. Ní Èkó ayé ìgbà yẹn, ọ̀tọ̀ lorúkọ tí wọ́n ń pè èèyàn nílé, ọ̀tọ̀ ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀tọ̀ ni èyí tí akọ̀wé ìjọba máa fetí gbọ́ tó máa kọ. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó máa wá ìtumọ̀ kiri, ẹ kọ́kọ́ wádìí ìwé kọ̀ọ̀kan: ta ló kọ ọ́, ta ló sì sọ fún un?

Dandeson kò sí nínú Bíbélì, ẹ má wulẹ̀ wá a níbẹ̀. Dandeson Coates ni akọ̀wé àgbà CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Crowther fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ, ọmọ náà ló di Áṣídíákónì Dandeson Coates Crowther. Bẹ́ẹ̀ làwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone, ṣe ń mú orúkọ ìdílé òyìnbó, tí wọ́n á fi ṣe orúkọ àkọ́kọ́ ọmọ. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi pàápàá wọ inú ẹ̀. Sarah Forbes Bonetta, ọmọ Yorùbá tí Ọba Gẹ̀zò ti Dàhòmì fà lé Kápútẹ́nì Frederick Forbes lọ́wọ́ ní 1850, orúkọ kápútẹ́nì àti orúkọ ọkọ̀ ogun rẹ̀, Bonetta, ni wọ́n so mọ́ ọn. Bí orúkọ àkọ́kọ́ bá ti dún bí orúkọ ìdílé òyìnbó, ẹ wá a láàárín àwọn míṣọ́nnárì, àwọn gómìnà Sierra Leone àti àwọn ọ̀gá ọkọ̀. Kò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ òyìnbó wà nínú ilé yín o. Ohun tó ń sọ ni irú ìjọ tí òbí rẹ̀ ń lọ. Ẹ ṣọ́ra fún íntánẹ́ẹ̀tì náà. Thomas Babington Macaulay ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, àmọ́ bí ẹ bá tẹ orúkọ yẹn, òpìtàn òyìnbó kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa kọ́kọ́ yọjú. Ẹ fi Lagos kún un.

Durosimi ló wúlò jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Dúrósinmí, orúkọ àbíkú ni, bíi Málọmọ́, Bánjókòó àti Kòsọ́kọ́ tí ọba Èkó tó jẹ láti 1845 sí 1851 ń jẹ́. Ó ń sọ fún yín pé ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ ṣáájú rẹ̀. Ẹ lọ wo ìwé ìsìnkú ìjọ ní ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú ìbí rẹ̀, bóyá ẹ máa rí ọmọ ọwọ́ tí orúkọ òbí wọn bá tirẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n bí orúkọ yìí bá ti di orúkọ ìdílé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, kò sọ nǹkankan nípa òun fúnra rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni amútọ̀runwá: bí Ìdòwú bá jẹ́ àkọ́bí nínú ìwé yín, ìbejì kan wà ṣáájú tí ẹ kò tíì rí.

Buraimoh, Ibrahim ni. Bí Yorùbá ṣe ń pè é ni akọ̀wé ṣe kọ ọ́, nítorí náà ẹ wá a lábẹ́ B àti I: Buraimo, Braimoh, Braimah, Ibrahim. Bákan náà ni Disu jẹ́ Idris, Lamidi jẹ́ Abdul-Hamid, Momodu jẹ́ Muhammad. Bí ilé yín bá ní ìbátan Àgùdà (àwọn tó padà wá láti Brazil) ní Pópó Àgùdà, ẹ rántí pé èdè Látìn làwọn àlùfáà Kátólíìkì sábà fi ń kọ ìwé ìrìbọmi. Jacobus tí ẹ bá rí níbẹ̀ lè jẹ́ Tiago nílé.

Bí ẹnì kan bá pòórá nínú ìwé ní nǹkan bí 1890 sí 1905, tí kò sì sí nínú ìwé òkú, ẹ má tíì sin ín. Àkókò yẹn làwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. David Brown Vincent di Mojọlá Agbebí ní 1894. Edmund Macaulay di Kítóyì Àjàṣá.

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa so wọ́n pọ̀. Ẹ da orúkọ kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ẹ má tún un ṣe. "Ajai" tí ẹ bá sọ di Àjàyí lónìí kò ní ṣeé wá nínú ìwé mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojúlé, orúkọ ìyàwó àti iṣẹ́ ọwọ́ wé ara wọn. Bí méjì nínú mẹ́ta yìí bá bára mu, ẹ lè gbà pé ẹnì kan ni. Bó bá jẹ́ orúkọ nìkan ló bára mu, ẹ má gbà, torí ọmọ ọmọ máa ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀.

Ẹ wo Bíbélì yẹn dáadáa. Bí gbogbo orúkọ inú rẹ̀ bá jẹ́ ọwọ́ kan àti yíǹkì kan náà, ìjókòó kan ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ kí ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́; bí ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ bá ṣáájú ọdún yẹn, orí ni wọ́n ti rántí rẹ̀, tàbí kí wọ́n dà á kọ láti inú ìwé mìíràn. Àwọn ọmọ olóògbé ló sábà ń sọ ohun tí wọ́n kọ sára òkúta ibojì, ó lè máà bá ti ìgbà èwe rẹ̀ mu.

Ní ti àwọn àgbà, ẹ má bi wọ́n pé kí ni bàbá ń jẹ́, ọmọdé kì í pe bàbá lórúkọ. Ẹ bi wọ́n ní oríkì rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tí àwọn ìyàwó ilé ń pè é. Orúkọ àdàpè yẹn gan-an lè wà lára rìsíìtì.

Ìwé púpọ̀ ti lọ. Wọ́n ti wó ibi ìsìnkú Ajẹ́lẹ̀ láyé ìjọba ológun, iná sì jó ilé ẹjọ́ gíga Igbóṣeré ní oṣù kẹwàá 2020. Nítorí Dandeson, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti St. Paul's Breadfruit, lẹ́yìn náà kí ẹ wo ti Mẹ́tọ́díìsì Olówógbowó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Sàró àdúgbò yẹn ń lọ. Ìwé CMS àti ìwé ìròyìn Èkó àtijọ́ wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ mú ọdún lọ́wọ́ lọ, bíi 1862 sí 1867: bí ọdún ṣe tò ni ìwé ìsàmì ṣe tò, akọ̀wé ìjọ kò lè fi orúkọ nìkan bá yín wá a.