Ẹ rọra pẹ̀lú kirai yẹn o

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ọ̀sákà ní Jàpáànì lóṣù tó ń bọ̀, mo sì mọ ara mi, tí nǹkan bá ti rí mi lára mi ò lè pa á mọ́ra. Áàpù tí mo fi ń kọ́ èdè wọn ní kí n máa sọ pé "natto o kirai desu", pé mi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn natto, oúnjẹ ẹ̀wà sóyà wọn yẹn. Ṣé ó dáa? Ẹ tún bá mi fi èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ kún un.

Ìdáhùn: Mi ò ní fi kankan kún un, torí èyí tẹ́ ẹ mú dání yẹn gan-an ti le jù. Àwọn fídíò kéékèèké tó ń kọ́ èèyàn ní èébú Jàpáànì ló fa gbogbo èyí, ó sì ń dùn mí, torí ẹni tó ń kọ́ yín ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tọ́rọ̀ bá dà rú. Àkọ́kọ́ ná, "ga" ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀ dípò "o", "natto ga kirai desu". Ẹ sì ṣọ́ ẹnu yín, kirei ni "ó rẹwà".

Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣì í ni pé ẹ rò pé kirai ni "mi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀". Rárá o! Ẹ wo kórìíra tiwa, ṣebí kó ìríra ni, ta ló máa wá sọ lójú ìyá ọkọ ẹ̀ pé òun kórìíra ọbẹ̀ tó sè? Bí kirai ṣe rí nìyẹn, daikirai tún wá fi "ńlá" lé e. Ọmọdé ń sọ ọ́, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ń sọ ọ́ nípa oúnjẹ, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ nípa èèyàn tàbí lójú ẹni tó gbé oúnjẹ fún yín, wọ́n lè yọwọ́ lọ́rọ̀ yín láì sọ fún yín.

Nigate lẹ máa lò. Àmì "kíkorò" àti àmì "ọwọ́" ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé nǹkan náà ò bá mi lára mu, ẹ̀bi wá di tèmi tó ń sọ̀rọ̀. Ká ní wọ́n gbé natto síwájú yín láàárọ̀, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sè tí wọ́n bò bá a ṣe ń bo irú, ẹ fi igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun gbé e, ó ń fà bí ilá, òórùn ẹ̀ ti gba imú yín. Ẹ rọra ní "sumimasen, natto wa chotto nigate de..." kẹ́ ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má parí ẹ̀. "Ẹ má bínú" ni sumimasen, "díẹ̀" ni chotto, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó jókòó ti gbọ́ "mi ò jẹ" nínú ẹ̀.

Kimochi warui ló sún mọ́ "ó ń rí mi lára" jù, àmọ́ òun náà ni wọ́n ń sọ tí èébì bá ń gbé wọn. Kimoi tí wọ́n gé kúrú lára ẹ̀, ẹ má pe èèyàn bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹnì kan tí mo kọ́ fi ṣe àwàdà sí ọmọbìnrin kan níbi iṣẹ́, ó ní ọmọbìnrin yẹn kàn wolẹ̀ ni, kò dá òun lóhùn mọ́ títí iṣẹ́ fi parí.

Ṣùgbọ́n o, tẹ́nì kan bá ń fọwọ́ kàn yín lọ́nà tí ò yẹ, ẹ má fi chotto kankan síbẹ̀. "Iya desu! Yamete kudasai!" Mi ò fẹ́, ẹ jáwọ́. Ẹ jẹ́ kó dún. Olùkọ́ èdè ni mí, n kì í ṣe lọ́yà, tó bá ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ẹ pe 110, nọ́ńbà ọlọ́pàá wọn nìyẹn.