Èsì: Ṣé kí n fi owó ẹ̀bùn sílẹ̀ ní Osaka?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ fẹ́ jẹun ní búkà kan tí tọkọtaya kan ni ní Osaka, ní ilẹ̀ Japan, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí ẹ fi owó ẹ̀bùn sílẹ̀ fún wọn. Ẹ má fi kọ́bọ̀ lé owó oúnjẹ fún tọkọtaya tó ni búkà yẹn. Mo fi ṣénjì sílẹ̀ lórí tábìlì ní irú búkà bẹ́ẹ̀ rí. Màmá àgbà tó ń gbé oúnjẹ sáré bá mi dé ìta, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi. Ojú tì mí! "Gochisōsama" (ìyẹn ni pé ẹ ṣeun fún oúnjẹ) ni kí ẹ wí bí ẹ bá ń jáde, inú wọn á dùn.

Tó bá jẹ́ izakaya, ìyẹn ilé ọtí wọn tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, wọ́n lè gbé àwo kékeré kan tí ẹ ò bèèrè síwájú yín. Otoshi ni, ẹ ó sanwó rẹ̀; kì í ṣe rẹ́jẹ. Ẹ má sì gún igi ìjẹun yín dúró sínú ìrẹsì o, bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ fún òkú níbẹ̀ nìyẹn.