Ṣé inú ilé ni Arizona-Sonora Desert Museum ní Tucson, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, wà, àbí ìta?

Ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ wà. Láti 1952 ni wọ́n ti ṣí i. Ẹranko àti ewéko aginjù tó ṣì ń mí ló kún ibẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kìlómítà 3. Ẹ ya wákàtí méjì sọ́tọ̀, ó kéré tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ọ̀sán sábà máa ń kọjá 38°C, nítorí náà ẹ lọ ní kùtùkùtù, ẹ gbé omi dání. Àwọn ẹranko pàápàá máa ń sá wọ abẹ́ òjìji bí ilẹ̀ bá ti gbóná. Ẹ yẹra fún cholla, irú ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún kan: bó bá kan aṣọ lásán, ẹ̀ka rẹ̀ á já lé e. Òòyà ni kí ẹ fi yọ ọ́, torí ẹni tó bá fi ọwọ́ fà á, ọwọ́ náà ló máa gún.